Wàrà Oorun

Aago mẹ́ta òru ní Winnipeg.
Yìnyín ń fi èékánná họ fèrèsé, a kò ṣí i fún un.
Lórí bẹ́ẹ̀dì keje, Bàbá Orest sùn,
kì í ṣe oorun tirẹ̀:
oorun tí ẹ̀rọ ń fi rọ́bà tú sínú iṣan rẹ̀ ni,
tó... tó... tó...
funfun bíi wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún.

Ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Ohun tó bá sì lọ́ràá,
gbogbo ẹnu ní ń wá a,
àní ẹnu tí kò léyín, tí kò lójú lókè,
tó fara pamọ́ sórí ìka ẹni tó ń kánjú.
Wàrà gidi bá kan, imú á sọ fún ọ.
Oorun yìí bàjẹ́, kò ní òórùn.

Wọ́n kọ́ wa: fi ọtí nu ọrùn ìgò,
kà dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó lè gbẹ,
pààrọ̀ rọ́bà kí wákàtí méjìlá tó pé,
èyí tó bá ṣẹ́kù, dà á nù, bó ti wù kó wọ́n tó.
Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ oríkì ìyá mi.

Ṣùgbọ́n lóru Àìkú, ẹ̀rọ méjì figbe ta pọ̀.
Luningning wà lórí àyà obìnrin bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án,
ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́.
Mo nu ìgò tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà:
ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.
Mo ki rọ́bà bọ̀ ọ́. N kò dé àrún.

Ọjọ́rú, ibà.
Ọjọ́bọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí a gbà hu nǹkan nínú àwo.
Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Dókítà ní ó lè jẹ́ rọ́bà ọrùn,
ó lè jẹ́ láti ilé iṣẹ́ tó po oògùn ọ̀hún;
wọ́n kọ nọ́ńbà ara ìgò sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ.
Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.
Halyna ọmọ rẹ̀ wakọ̀ dé láti Dauphin,
ó ní, "Ṣé ẹ ò ní ẹ kàn fẹ́ kó sinmi ni?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń wo yìnyín tó ń yọ́ létí bàtà rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n mú.
Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀,
mo kọ "mẹ́rin",
mo tún fi bírò tẹ̀ ẹ́ kó hàn.

Oòrùn kì í tètè yọ níbí lóṣù Kejìlá.
Ibà Bàbá Orest ń lọ, ó ń bọ̀.
Mo gbé ìgò mìíràn, mo ń kà sókè.
Luningning pàápàá ti mọ̀ ọ́n:
bí mo bá dé ẹ̀rin, tí ohùn mi há,
òun ní í pe àrún láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé,
ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń gbé ohùn náà sókè,
àrùn ló ń pè é.
N kì í tún un ṣe fún un.