Òkúta Tí N Kò Fi Òòlù Fọ́

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi fọ́ òkúta
ní ẹsẹ̀ òkè l'Ógìdì.
Mo mọ òkúta. Mo mọ ojú ibi tí òòlù yóò bà
kí ó tó là gbàràgàdà.
Mo mọ èyí tí yóò ru ilé,
mo mọ èyí tí yóò tú di èérún lọ́wọ́ ọmọdé.
Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí n kò fojú rí,
tí kò tó ẹyọ ọkà bàbà,
òun ló dá mi dùbúlẹ̀ lóru mọ́jú ọjọ́ ọjà.

Ìhà ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀,
ó gba ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ ikùn,
ó ń lọ́ mi bí ẹni ń fún aṣọ tútù.
Mo jókòó, kò gbà. Mo dùbúlẹ̀, kò gbà.
Mo di ògiri mú, mo ń pe ìyá mi
tó ti kú láti ìgbà tí a ń fi kọ́bọ̀ ra iyọ̀.
Mo tọ̀, ìtọ̀ náà pọ́n bí omi osùn.
Dọ́káàsì gbé fìtílà súnmọ́ ọn,
kò sọ nǹkan kan. Ó wọ bàtà rẹ̀.

Ọ̀kadà gbé wa dé Kàbbà kí ilẹ̀ tó mọ́.
Títí dòní, mo mọ gbogbo kòtò ọ̀nà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Jémirin, ọmọ tí mo lè bí lómọ-ọmọ,
ó ní, "Bàbá, omi mélòó lẹ ń mu lóòjọ́?"
Mo ní ife kan, bí mo bá jẹun tán.
"Nínú oòrùn? Lórí àpáta?"
Mo dákẹ́.
"Ẹ ti rí ìkòkò tí a fi ń se omi lójoojúmọ́,
tí funfun kan ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀?
Ohun tó wà nínú yín nìyẹn."

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Mo mu omi bí ẹni tí wọ́n fi ṣépè.
Lọ́jọ́ kẹrin ó jábọ́ sínú póò:
kín!
Mo fọ̀ ọ́, mo tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́.
Ẹ̀gún ló yí i ká.
Dọ́káàsì fi sínú agolo ìpara, ó ń fi han àlejò.

Láti ọjọ́ náà, iyọ̀ ti gun àjà.
Magí, ẹ má dárúkọ rẹ̀.
Ẹran di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀,
ẹ̀pà tí mo ń họ láti àárọ̀ dalẹ́ di ẹ̀kúnwọ́ kan,
tẹ̀tẹ̀, ó ń bọ̀ ọ́, ó ń da omi rẹ̀ nù.
Wàrà nìkan ni wọn kò gbà lẹ́nu mi;
nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi jẹun.
Ọsàn wẹ́wẹ́ ń kán sínú omi mi, kò sí ṣúgà,
ojú mi a fún pọ̀ bí ti ọmọ tuntun.
Aládùúgbò gbé èèpo igi inú ògógóró wá. Mo dúpẹ́, mo dà á nù.
Òmíràn mú irun àgbàdo wá.
Jémirin rẹ́rìn-ín: "N kò mọ̀ bóyá irun yẹn ń fọ́ òkúta,
omi tí ẹ fi sè é ni mo mọ̀."

Ní ilẹ̀ wa, òkun la fi ń kí ara wa.
Òkun láàárọ̀, òkun lálẹ́,
òkun fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bọ̀.
Ọdún mélòó ni mo fi ń jẹ́ òkun
tí ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn?

Ẹ̀yin ọmọ tó ń gun àpáta báyìí,
kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ má fi jókòó. Ẹ mu ún.
Ẹ wo ìtọ̀ yín kí ẹ tó bò ó mọ́lẹ̀:
bó bá mọ́ bí òjò inú ewé kókò, ó dára.
Bí ibà bá bá ìrora náà dé, ẹ má pe aládùúgbò,
ẹ pe ọlọ́kadà.

Òkun o.
Dọ́káàsì, bu omi wá.