Ìka Tí Ẹ̀rọ Kò Mọ̀

Ní báńkì ọ̀nà Yaba, ní Oǹdó,
ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní,
"Mọ́mì, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."
Mo tẹ̀ ẹ́.
"Ẹ nù ún, kí ẹ tún un tẹ̀."
Mo fi ìṣẹ́tí ìró nù ún, mo tún un tẹ̀.
Iná pupa kékeré kan ṣẹ́jú sí mi
bí onígbèsè tó rí mi lókèèrè, tó yà sí kọ̀rọ̀.
"Ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ yín, Mọ́mì."

Kò mọ̀ mí.
Èmi Fadérera, ará Òdòjọmù,
tí mo fọ́ kókó lóko Ìgbìndó fún ogójì ọdún.
Ìtẹ̀ka mi ò sọ nù lọ́jọ́ kan:
díẹ̀ bá omi kókó ṣàn lọ,
díẹ̀ wà nínú eérú èèpo rẹ̀ tí mo fi ń se ọṣẹ,
èyí tó kù, owó ilé-ìwé bàbá Akínníyì ló hó o jẹ.

Bàbá mi kọ ilà méjì sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú,
ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
ó fẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ ládùúgbò.
Láyé ọjọ́sí, bí mo bá dé Ìbàdàn,
ẹni tí n kò rí rí á ní, "Ọmọ Oǹdó, ẹ káàbọ̀,"
kò ní kí n tẹ nǹkan kan.
Ilà wà lójú, ìlà ló tán níka.
Ẹ̀rọ ò sì ka ojú kún.

Wọ́n ní kò burú, nọ́ńbà ni wọn yóò fi ránṣẹ́.
Nọ́ńbà mẹ́fà. Àbíkú ni gbogbo wọn:
kí n tó rí awò ojú mi lábẹ́ ìrọ̀rí,
kí n tó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ mi,
wọ́n ti kú,
wọ́n ní kí n bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n bí òmíràn.
Mo sin mẹ́rin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹnìkan pè mí.
Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú ìkòkò.
Ó pe Fadérera, ó pe orúkọ ìyá tó bí mi,
ó pe iye tí mo fi pamọ́, kò fi kọ́bọ̀ kan ṣìnà.
Ẹ wò ó, olè mọ̀ mí!
"Màmá, ẹ bá mi ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé."
Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, kí n má purọ́,
pé ẹnìkan mọ̀ mí láìwo ìka.
Mo ní, "Dúró, kí n wá awò."
Mo wá a lórí àga, mo wá a nínú agbọ̀n aṣọ,
àṣé orí mi ló wà.
"Méje... ṣé méje ni àbí oókan?"
Ó ní, "Màmá, ẹ yára!"
Mo ní, "Ọmọ mi, ní sùúrù, iná ò sí."
Nígbà tí mo fi ka ẹ̀kẹta, nọ́ńbà ti kú.
Olè bú mi, ó pa fóònù.
Ojú tó ń ṣú mi ló bá mi ṣọ́ owó.

Aago kan òru ti lù báyìí.
Abẹ́ aṣọ ìbora Akínníyì ń tàn yòò
bí ẹni pé ó jí òṣùpá gbé wọlé.
Mo ní, "Sùn." Ó ní ó ku díẹ̀.
Díẹ̀ yẹn ti di wákàtí méjì.
Nígbà tí oorun borí rẹ̀, mo yọ fóònù lọ́wọ́ rẹ̀,
mo rọra fi àtàǹpàkò kan iwájú orí rẹ̀.
Kò lajú.
"Ìyá àgbà," ló wí, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Bátìrì ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Iná ò tíì dé.
Lọ́jọ́ Ajé, màá tún padà sí báńkì;
wọ́n ní kí n fi òróró pa ìka wá.