Ìwé Pélébé Lára Ìgò

Ní Bahía Blanca, afẹ́fẹ́ kì í sinmi,
iye owó ọjà náà kì í sinmi.
Ìyá mi, Nélida, ti fi ti afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́run;
ó ní ẹni tó bá ń bá ìjì jà, aṣọ ara rẹ̀ ni yóò ya.
Ṣùgbọ́n iye owó ọjà, ó ń bá a wọ̀yá ìjà lójoojúmọ́
pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìwé kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó.

Inú ìwé náà ni wàrà wà, àti ṣúgà, àti epo,
olúkúlùkù pẹ̀lú ọjọ́ tó pààrọ̀ ẹ̀wù.
Lọ́jọ́ Ajé, epo jẹ́ àlejò tí a lè pè wọlé.
Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀ ó ti di ọ̀gá,
àwa la wá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí à ń wò ó.

Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó fún Bàbá ní èbúté
kì í yà sílé kọ́kọ́ jókòó. Ilé ìtajà ló ń gbà lọ,
tòun ti bàtà iṣẹ́, tòun ti eruku àlìkámà lórí irun,
nítorí owó tó bá sùn mọ́jú nínú àpò
á ti rù kó tó jí.

Àwa àti ìdílé Ozuna tó wà lókè wa
la jọ ń ra àpò pòtétò kan.
Orí àtẹ̀gùn la ti ń pín in:
ọ̀kan fún wa, ọ̀kan fún wọn.
Èyí tó bá ti ń hù, a ó fi ọ̀bẹ là á sí méjì.
Ìyá Ozuna a máa yọjú wo ìdajì tó kàn wá,
ìyá mi náà a máa yọjú wo tiwọn.
Wọn kì í sọ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Ewé máté tí a ti rẹ lómi gbígbóná lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
Ìyá á tẹ́ ìwé ìròyìn, á sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.
Ìyá tirẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí,
òun sì ti búra pé òun ò ní ṣe é láé.
Lọ́jọ́ kan afẹ́fẹ́ wọlé, ó gbé gbogbo rẹ̀;
à ń gbá ewé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní Àbámẹ́ta, èmi ni wọ́n rán.
Wọ́n ka owó lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń ka hóró oògùn.
Níwájú agbowó mo rí i pé kò ní tó.
Mo dá wàràkàṣì padà. Kò tó síbẹ̀.
Mo dá ọṣẹ padà.
Yanina ló ń gbowó, a jọ lọ ilé ìwé;
kò gbójú kúrò lára èékánná rẹ̀
títí mo fi ṣe tán. Oore nìyẹn náà.

Mo gbé ìgò jáàmù kan délé, ti ọjọ́ ìbí Ramiro.
Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bó ìwé iye owó ara rẹ̀.
Òmíràn wà lábẹ́. Ó bó ìyẹn.
Òmíràn tún wà níbẹ̀, bí èèpo àlùbọ́sà,
ìkẹrin ti pọ́n bí eyín arúgbó:
iye tí ọwọ́ wa ì bá tẹ̀,
tí à bá tún fi ṣẹ́ńjì ra wàràkàṣì.
Ìyá gbà á, ó gbé e sún mọ́ iná,
ó wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò ìgbà tó wà lọ́mọge.

Ni Ramiro bá mú èyí tó tuntun jù,
ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí.
"Ẹ wò mí. Èmi náà ti gbówó lórí."
Bàbá ní, "Èló ni wọ́n ń tà ọ́?"
"Ẹ tètè rà mí lónìí. Tó bá di ọ̀la, ẹ ò ní lè rà mí mọ́."
Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́,
ó nu ojú, ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀,
lábẹ́ epo, lábẹ́ ṣúgà, ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀,
ó fi àyè iye owó sílẹ̀ lófìfo.

Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ ti fèrèsé,
ewé ń gbẹ lọ́wọ́.