Fèrèsé Kẹtàlá

Ọmọ mi Fadérera mú ọ̀rọ̀ kan wálé láti yunifásítì,
ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàrin àwo ìrẹsì àti ìwé owó iná.
"Ẹlifẹ́ṣọ̀n," ó ní. "Màmá, ẹ wò ó."
Mo wò ó: ojú ilé lásán,
fèrèsé mẹ́rìnlá, ilẹ̀kùn kan, kò lẹ́yìn,
kò sí ẹni tó ń dáná nínú rẹ̀.

Mo ní, mo ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́.
Ní wọ́ọ̀dù wa, òun ni wọ́n ń kọ sí ìdí ibùsùn:
kí a gbé ẹsẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Bágṣọ̀ sókè,
ìrọ̀rí méjì lábẹ́ gìgísẹ̀,
kí omi tó dúró sí ọrùn ẹsẹ̀ lè padà sílé.
Awakùsà ni bàbá náà.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀.
"Ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń gbé mi ga," ló wí,
ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.

Ní Ṣẹ́fíìdì, bọ́ọ̀sì ń gun òkè bí arúgbó tó ń gun àkàsọ̀.
Wọ́n ní ilé wa fi igba mítà ga ju òkun lọ.
Ọmọ Ẹ̀fọ̀n Alààyè ni mí, òkè kì í ṣe àlejò lójú mi,
ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n máa fi òkun wọn mí?
Òkun tí mo fò kọjá, tí n kò tilẹ̀ rí i, òru ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, nínú gbọ̀ngàn tí a háyà,
pásítọ̀ pariwo, "Ìgbéga!"
Mo ṣe àmín títí àga fi ká mọ́ mi nídìí.
Ní ọjọ́ Ajé, ọmọge tí mo kọ́ ní títẹ́ ibùsùn
ló ń fọwọ́ sí ìwé mi.
N kò bínú.
Irọ́ ni. Mo bínú láti ìsàlẹ̀ òkè náà dé ṣóńṣó rẹ̀.

Fadérera ti sùn. Mo mú bírò,
mo fi iná kékeré sí fèrèsé kẹtàlá:
ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé,
ó ń wá ìrọ̀rí tí yóò fi gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sókè.

Nígbà tó jí, ó ké pé mo ti ba iṣẹ́ òun jẹ́.
Òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n kò pa iná náà.