Ó Dín Ẹyọ Kan

Ní Gyumri, níbi tí òtútù ti ń jẹ ènìyàn létí,
Hranush kó ọmọ mẹ́sàn-án yí iná ká.
Ó tẹ́ ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì sórí tábìlì,
kò to ọba sí i, kò to ẹṣin sí i.
Àlìkámà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀,
èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kórè ní Artik kí yìnyín tó dé.

Wóró kan sí ojúlé kìíní.
Méjì sí ìkejì, mẹ́rin sí ìkẹta,
kí olúkúlùkù máa gba ìlọ́po méjì ẹni iwájú rẹ̀.
Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín: oúnjẹ adìyẹ lásán!
Àfi ìgbà tí ìlà kan kún
tí wóró méjìdínláàádóje ń dà sílẹ̀ lójúlé kẹjọ.
Ní ìkẹtàdínlógún, fìlà Vahagn ni wọ́n fi ń bù ú,
ó lé ní kílò mẹ́ta.
Ní ìkọkànlélógún, odindi àpò kan.
"Ó tó," ni Hranush wí. "Ìyókù, ṣọ́ọ̀kì ni yóò gbé e."

18 446 744 073 709 551 615

Gbogbo ọpọ́n nìyẹn.
"Ẹ wò ó dáadáa. Èjì dà?"
Wọ́n wá a látọ̀tún, wọ́n wá a látòsì.
Òdo wà, ẹ̀sán wà, mẹ́rin tilẹ̀ wà lẹ́ẹ̀mẹrin.
Èjì tó bí i kò sí lójú rẹ̀,
bí ọmọ tó jọ gbogbo àdúgbò
tí kò jọ baba rẹ̀.

Ká ní ó fi ẹyọ kan lé sí i ni,
ilé tó ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ìbá jẹ́:
èjì, èjì, èjì, títí ilẹ̀ á fi ṣú.
Ẹyọ kan dín,
ilẹ̀kùn méje ṣí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mẹ́ta. Márùn-ún. Mẹ́tàdínlógún.
Igba ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.
Ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlélógójì.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínlógójì.
Mílíọ̀nù mẹ́fà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún.

Ní èdè Hranush, orúkọ lásán ni.
Ṣùgbọ́n lẹ́nu èmi tí mò ń kà á fún yín,
mẹ́rin nínú wọn ń sọ pé *mẹ́tàdín*,
bí ọmọ ìyá mẹ́rin
tó jẹ ẹnìkan náà ní gbèsè mẹ́ta.
Àwa tí à ń fi dídín kà,
kí ló tún yà wá lẹ́nu?

Ẹ jẹ́ kí n má gbàgbé ìkarùn-ún.
Òun àti ìkeje ló fara pa mọ́ sínú nọ́ḿbà kan
tí ọ̀mọ̀wé àtijọ́ kan gbà pé kò ṣeé pín.
Ó gbà bẹ́ẹ̀ dójú ikú.
Ẹlòmíràn ló wá kan ilẹ̀kùn.

Nígbà náà ni Nazeli, ọmọ ọdún méje, béèrè,
ohùn rẹ̀ rọ:
"Tí ẹ bá dá ẹyọ kan yẹn padà ńkọ́?"

Hranush mú wóró kan, ó jù ú sí ojúlé kìíní.
"Ọpọ́n ti kún, àbí? Kan pàdé kan, wọ́n di méjì,
wọ́n ṣí lọ sí ìkejì.
Méjì pàdé méjì, wọ́n tún ṣí.
Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa kó ara wọn lẹ́rù
títí ojúlé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta á fi ṣófo,
tí gbogbo wọn á dúró síbí."
Ó na ìka sórí igi tábìlì,
sí ẹ̀gbẹ́ ife tíì,
níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ojúlé sí.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Igi ń ta pàrà nínú iná.
Nazeli la ẹnu.
Wóró àlìkámà kan wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti rọ̀.

Hranush wò ó pẹ́.
"Gbé e mì," ni ó wí.