Àmì Kíún

Aago mẹ́jọ alẹ́ ku díẹ̀ ní Ìsọ̀kun,
jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń wúkọ́ bí arúgbó.
Adébóyèjọ bíríkìlà wọlé tọ̀ mí wá,
símẹ́ńtì nínú ìpéǹpéjú,
ìwé dókítà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ká sí mẹ́rin,
òógùn ti mú un rọ̀ bí ewé ẹ̀kọ.

Oògùn ọkàn ni, ti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án.
Mo tú u sábẹ́ iná.
Mílílítà márùn-ún ni mo kà.
Mo tún un kà. Márùn-ún.
Ìgò wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi, mo ti nawọ́ sí i,
ọwọ́ mi dúró lófuurufú.
Ìwọ̀n baba rẹ̀ nìyí, tó ń ru bílọ́ọ̀kù,
kì í ṣe ìwọ̀n ẹni tó ṣì ń rá kòrò.

Ní kíláàsì kejì, nílé ìwé wa ní Ìjòkà,
Tíṣà Fátúsìn na ìka mi ní pàṣán
torí mo kọ ọ́ pé ìyá mi fẹ́ràn oko rẹ̀.
“O gbé ọkùnrin kúrò lórí ibùsùn ìyá rẹ,
o kọ ebè síbẹ̀!”
Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé.
Àmì kíún tí mo gbàgbé lábẹ́ lẹ́tà.

Mo gbé ìwé náà súnmọ́ ojú.
Níbi tó ti ká gan-an, níwájú márùn-ún yẹn,
nǹkan kan wà:
àmì ni, àbí ìdọ̀tí, àbí símẹ́ńtì?
Kò sí òdo níwájú rẹ̀ tí ì bá jẹ́rìí.

Mo pe dókítà. Fóònù dún, dún, ó dákẹ́.
Mo tún pè é.
“Àbí ẹ ò lè ka ìwé yìí ni?”
Mo lè kà á. Ọdún márùn-ún ni mo lò ní Ifẹ̀ tí mo ń kọ́ ọ.
Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ẹni tó kọ ọ́ ni kó tún un kọ.
Kálámù lọ́wọ́ tiwọn, ìgò lọ́wọ́ tiwa,
àárín méjèèjì ni ọmọ dùbúlẹ̀ sí.
N kò gbọdọ̀ fi báírò mi tẹ àmì
síbi tí mo mọ̀ pé ó yẹ kó wà.
Mo sì mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Lódìkejì títì, Bọ̀dá Ọmọ́lẹ́yẹ,
tí àṣẹ tirẹ̀ kò kọjá oògùn orí fífọ́ àti inú rírun,
yọrí síta:
“Bàbá, ẹ mú un wá síbí, èmi kì í da oníbàárà láàmú!”
Adébóyèjọ wo ọ̀hún. Ó wò mí.

N kò ní purọ́, inú bí mi sí òfin lálẹ́ ọjọ́ náà,
òfin tí mo fi férémù gbé kọ́ ògiri,
tí ọmọńlé ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló gbé àwa méjèèjì,
mo gbá ìgò mọ́ àyà, ó di ọsibítù.
Dókítà ń jẹ ẹ̀bà nínú yàrá wọn,
ọmọkùnrin kékeré kan, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn.
Ó nu ọwọ́, ó gba ìwé, ó wò ó pẹ́.
Ó mú tuntun: ó kọ òdo,
ó tẹ àmì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já,
ó kọ márùn-ún, ó fọwọ́ sí i.
“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má sọ fún ọ̀gá wa.”

N kò dá a lóhùn.
Mo fa ìdajì mílílítà sínú sírínjì,
mo fi han baba ọmọ: ibí yìí, kó má kọjá ibí.
Ó mi orí. Nígbà tó ń san owó ọ̀kadà,
ó ń kùn pé èmi ni mo kó òun sí ìnáwó.
Mo jẹ́ kó máa kùn lọ.
Mo ń fi àtàǹpàkò pa ìka yẹn,
èyí tí Tíṣà Fátúsìn nà.