Káńtà Kẹta

Ní Lúblìn, oṣù kẹta, yìnyín ń yọ́ lórí ẹní ìnusẹ̀ wa.
Mo ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú.
Ìyá kan ni, Paráskà, ará Kónótópù,
bàtà ọ̀tún dúdú, tòsì àwọ̀ iyanrìn.
Ẹni tí ogun jí lójú oorun,
ta ni yóò bi í léèrè bàtà?

Èdè rẹ̀ àti tèmi, ọmọ bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀;
ohun tí ahọ́n ò bá sọ tán, ọwọ́ a parí ẹ̀.
Ó gbé ìgò kan kalẹ̀, ìgò kùkúḿbà oníyọ̀,
owó ìlú rẹ̀ ni ó ká róbótó sínú rẹ̀.
Ó ṣì ń rùn bíi fínígà.
“Ibi mẹ́rin ni mo ti gbé e dé,” ó ní,
“wọ́n wò ó bí ẹni ń wo ewé tó já.”

Àṣẹ ti dé láti òkè: ká ṣẹ́ ẹ fún wọn, dé ìwọ̀n kan.
Owó rẹ̀ fi bébà méje ju ìwọ̀n lọ.
Mo dá méje padà sínú ìgò.
Ó dé e. Kò bá mi jà.
Ká ní ó bá mi jà ni, ara ìbá tù mí.

Fọ́ọ̀mù ń béèrè: Orúkọ. Ọjọ́ ìbí. Àdírẹ́sì.
Ó gbójú sókè. “Èwo?
Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dúró tí kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀ mọ́,
àbí bẹ́ẹ̀dì kejìdínlógún ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá?”
Mo kọ gbọ̀ngàn. Kọ̀ǹpútà kọ̀.
Kọ̀ǹpútà ò gbà pé ènìyàn lè máa gbé
abẹ́ àwọ̀n bọ́ọ̀lù ajùsáwọ̀n.
Ọ̀gá Drósìdì, tí kì í rẹ́rìn-ín kí ọ̀sán tó pọ́n,
wá tẹ bọ́tìnì kan tí a kì í tẹ̀.
“Kọ àdírẹ́sì báńkì sí i,” ó ní.
Bẹ́ẹ̀ ni ilé wa ṣe di ilé rẹ̀, lórí ìwé.

Tẹlifóònù rẹ̀ dún. Báńkì rẹ̀ ti ilé ni.
Ó fà sẹ́yìn: ó yá owó ra fìríìjì,
oṣù mẹ́jọ ló kù,
fìríìjì ọ̀hún ti bá ilé ìdáná lọ,
gbèsè kì í sì í bá ilé jóná.
Ó nà án sí mi pé kí n bá òun kà á.
*A ti dá sísan dúró. Èlé kò ní gorí èlé.
Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá wà láàyè, ẹ tẹ oókan.*
Ó wo ìka rẹ̀ títí.
Ó tẹ̀ ẹ́.

Ogun jẹ ogún, ogun jẹ òógùn ogún ọdún,
síbẹ̀ nọ́ńbà gígùn kan jókòó sínú ẹ̀rọ níbì kan,
kò gbọ́ pé òrùlé ti lọ,
ó ń ka owó rẹ̀, owó rẹ̀ sì ń pé.

Ẹ má gbé wa gẹ̀gẹ̀ o. Báńkì ni wá.
Èmi tí mo fagi lé owó iṣẹ́ fún un lónìí
ni mo kọ̀wé sí àgbẹ̀ Krúpà léṣìí
pé kó kó kúrò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.
Káńtà yìí náà ni. Gègé yìí náà ni.

Nígbà tí a fẹ́ tilẹ̀kùn, ó ṣì wà nídìí ẹ̀rọ ìta.
Ó gba sílọ́tì mẹ́wàá, ó dá a padà, ó tún gbà á.
Mo bi í bóyá ẹ̀rọ ń yọ ọ́ lẹ́nu.
“Rárá o. Mo ń kan ilẹ̀kùn ni.
Ó ń dá mi lóhùn.”

Ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà kan dé: *Paráskà,*
lábẹ́ rẹ̀, òpópónà tiwa, nọ́ńbà tiwa.
Mo gbé e sójú fèrèsé,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó Ọ̀gá Drósìdì,
níbi tí oòrùn á ti kàn án.